Ọ̀wẹ̀ Tí N Kò Lè Ṣe fún Àna Mi

Ìyá ìyàwó mi ní ìsọ̀ oúnjẹ kan létí títì, ní ìlú kékeré kan ní Isan, ìyẹn apá àríwá ìlà-oòrùn Táílándì. Tábìlì mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò ràgàjì kan tí omi egungun ẹlẹ́dẹ̀ ti máa ń hó nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù kẹta tí mo dé ilé wọn, ní ọdún 2016, èrò ya wọ ìsọ̀ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí ìyàwó mi ti lọ sí ọjà. Màmá, ìyá ìyàwó mi, nìkan ni wọ́n ń bu omi ọbẹ̀, tí wọ́n ń gba owó, tí wọ́n sì tún ń nu tábìlì. Mo dìde, mo gba abọ́ méjì lọ́wọ́ wọn kí n lè gbé e fún àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì tí wọ́n fi di ìgbọ̀nwọ́ mi mú. Wọ́n gba abọ́ wọn padà, wọ́n fi àgbọ̀n júwe ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀, tó dá jókòó sí igun, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tó lè jẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ọkùnrin náà jẹun tán, ó sanwó, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tó ń ta ajílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Bàbá bàbá mi kì í sú láti sọ bí wọ́n ṣe bẹ ọ̀wẹ̀ fún àna wọn kí wọ́n tó fún wọn ní ìyá àgbà: ọ̀dọ́mọkùnrin bí ogún, tọkọ́-tọkọ́, tí wọ́n kọ ebè láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ lórí oko ẹlòmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọkùnrin tí àna rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí òun sì káwọ́ gbera ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ láìlanu. Ohun tó wọ̀ mí lára ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Màmá kò bá mi jà, àánú mi ni ó ṣe wọ́n. Èmi ni mo jókòó bí ọlẹ níwájú àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ ọmọ wọn, ọmọ Áfíríkà, ti dé.

Òfin sì ti Màmá lẹ́yìn. Òfin iṣẹ́ àwọn àjèjì ti ọdún 2008, tó wà lórí àlééfà nígbà náà, sọ pé iṣẹ́ ni ohunkóhun tí ènìyàn bá fi agbára ara tàbí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe, yálà ó gba owó lé e lórí tàbí kò gbà á. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: yálà ó gba owó tàbí kò gbà á. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni wọ́n júwe, wọn kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5, tàbí owó ìtanràn láti 2,000 sí 100,000 baht, ìyẹn owó Táílándì. Òfin tuntun jáde ní ọdún 2017, ó le débi pé àwọn òṣìṣẹ́ láti Myanmar àti Cambodia sá padà sílé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tó di 2018 ni ìjọba tún un ṣe, tí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò, tí owó ìtanràn sì di 5,000 sí 50,000 baht, pẹ̀lú lílé kúrò nílùú. Wọ́n tún ìtumọ̀ iṣẹ́ kọ pẹ̀lú. Síbẹ̀, títa ọjà lẹ́nu ìsọ̀ ṣì wà lára iṣẹ́ tí àjèjì bíi tèmi kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, yálà ó níyàwó nílùú náà tàbí kò ní.

Mo ń kọ èyí nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ará ilé kì í yé bi mí lórí fóònù: "Ṣebí o ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ṣé o ti gba ìwé?" Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston ni wọ́n kọ́ wa pé ìgbéyàwó ń bí ìwé, ìwé ń bí iṣẹ́, iṣẹ́ sì ń bí ilé ní Ìbàdàn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi ìgbéyàwó gba káàdì aláwọ̀ ewé lè jí lọ́jọ́ kejì kó wá iṣẹ́ tó wù ú. Ní Táílándì, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọkọ. Ohun méjì ni ó wà, ọ́fíìsì méjì ni ó sì ni wọ́n. Àṣẹ láti gbé ìlú wà lọ́wọ́ ìmígírésọ̀n, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá; àṣẹ láti ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìgbéyàwó lè gba èkíní fún ọ, ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Ní ti èkejì, gbogbo ohun tí ìgbéyàwó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ láàyè láti béèrè.

Ìgbéyàwó tí mo sì ń sọ yìí, kì í ṣe èyí tí àwọn ẹbí jẹ. A ṣe ìyẹn pẹ̀lú. Ní ọjà Pratunam ní Bangkok ni mo ti pàdé ìyàwó mi ní 2013, nígbà tí mo ń ra aṣọ lọ sí Èkó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀ tán, mo san owó orí ìyàwó, tí wọ́n ń pè ní sinsot, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àwo kí gbogbo ẹbí lè rí i, gẹ́gẹ́ bí alága ìdúró tiwa ṣe máa ń mú kí àpòòwé hàn. Àwọn àgbà so òwú funfun mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà tirẹ̀. Lójú ìjọba, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí pé n kò ní ìyàwó nílé lọ́wọ́ aṣojú orílẹ̀-èdè mi, tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Thai, tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè lu òǹtẹ̀ sí i ní Chaeng Watthana, tí àwa méjèèjì sì lọ fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní amphoe, kí wọ́n tó gbà pé a fẹ́ ara wa. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún wa ń jẹ́ Kor Ror 3. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn ni Kor Ror 2, èyí ni ìmígírésọ̀n sì máa ń béèrè ẹ̀dà rẹ̀ tuntun lọ́dọọdún, nítorí pé ìwé ẹ̀rí ti 2015 kò lè sọ bóyá ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀ ní 2024.

Físà tí ọkọ máa ń gbà ni wọ́n ń pè ní Non-Immigrant O. Mo gba tèmi ní ọ́fíìsì aṣojú Táílándì tó wà ní Àbújá, mo sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́, torí ọmọ Nàìjíríà kò lè wọlé síbẹ̀ láìní in. Ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ lójú ni pé físà náà kò sọ iye ọjọ́ tí ènìyàn yóò lò nínú ìlú. Ẹnu ọ̀nà ni físà ń báni dé. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú ìwé ìrìnnà ní pápákọ̀ òfurufú ni ó ń kà á, ọjọ́ 90 ni tèmi sì kà. Láàárín ọjọ́ 90 yẹn ni mo gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan, kí n sì fi hàn pé mo lè bọ́ ìyàwó mi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wo ìyẹn: kí ọkọ máa gba 40,000 baht lóṣù, tàbí kó ní 400,000 baht ní báǹkì Táílándì, lórúkọ tirẹ̀ nìkan, tó ti wà níbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko kó tó mú ìwé lọ.

N kò ní iṣẹ́, nítorí náà ọ̀nà kejì ni tèmi. Owó aṣọ tí mo kó jọ wà níbẹ̀, àjọ tí mo kó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn sì yá mi ní ìyókù. Ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Lóde òní, ó ti lé ní mílíọ̀nù 15. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí ohun tí mo fẹ́ fi owó náà ṣe. Mo ní mo fẹ́ kó jókòó ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Kó jókòó ṣe kí ni?" Ọdún kẹsàn-án rèé, n kò tíì rí èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn fún wọn.

Owó náà jókòó lóòótọ́, àmọ́ kò jókòó dáadáa. Mo fi 400,000 baht sínú àpò báǹkì náà, pẹ̀lú 100 baht tí mo fi ṣí i. Ní ọjọ́ 80, mo lọ sí báǹkì, mo gba lẹ́tà wọn, mo ti ìwé báǹkì mi bọ inú ẹ̀rọ kó lè tẹ àkọsílẹ̀ tuntun sí i, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìmígírésọ̀n láìwò ó. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbé rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, ó ń sún un wálẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó sì dúró. Ó fi pẹ́ńsùlù fa igi tín-ín-rín kan sábẹ́ iye kan, ó yí ìwé náà sí wa: 399,800. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo fowó síbẹ̀ ni báǹkì ti yọ 300 baht, owó káàdì àti ti àtẹ̀jíṣẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Igba baht ni ó dín. Owó abọ́ oúnjẹ márùn-ún ní ìsọ̀ Màmá.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò bínú, kò sì yẹ̀. Ohun tó gbà wá ni ìlànà mìíràn tí n kò gbọ́ rí: àjèjì tó wá bẹ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ wò lè gba ọjọ́ 60 lé e, 1,900 baht sì ni owó rẹ̀. Ọjọ́ 60 yẹn náà ni owó yóò fi tún oṣù méjì rẹ̀ kà. Mo fi 10,000 baht kún un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, n kò sì jẹ́ kó sún mọ́ 400,000 mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí mo padà lọ, mo tún san 1,900 mìíràn fún ọdún kan.

Wọn kì í lu òǹtẹ̀ ọdún kan náà lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa ń fúnni pé àwọn ń wò ó, nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń wá sílé. Àwọn méjì ni wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n ya èmi àti ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ilé, wọ́n yà wá ní pálọ̀, wọ́n bi aládùúgbò kan bóyá lóòótọ́ ni à ń gbé pọ̀, ó sì fọwọ́ síwèé pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá àwọn lè yà wá ní yàrá. A jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ ilé-ìwé méjì tí wọ́n fẹ́ bá wí. Kí ó tó yà á, Màmá já wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà kó gún, wọ́n gbá ìrọ̀rí, wọ́n sì jáde láìwo ojú mi. Mo rò ó wò pé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọlọ́pàá fẹ́ ya ọkọ àti ìyàwó lórí ibùsùn tí ìyá ìyàwó sì ń tún ìrọ̀rí ṣe, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìgbéyàwó irọ́ wà, àwọn kan ń san owó fún un, ẹni tó sì ń fẹ́ tòótọ́ ni ó ń fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sanwó ìwádìí.

Ibì kan wà nínú ìlànà wọn tí mo máa ń padà sí. Fún àjèjì tó ń fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni béèrè àṣẹ láti gbé ìlú, ìmígírésọ̀n ní iye owó oṣù tí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá ni ó sì ń pinnu rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà, Kánádà, Japan àti ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù: 50,000 baht. Ará Singapore tàbí South Korea: 45,000. Púpọ̀ nínú Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, àti South Africa: 35,000. Ìyókù Áfíríkà, pẹ̀lú Cambodia, Laos, Myanmar àti Vietnam: 25,000. Bí wọ́n bá ń wò mí bí òṣìṣẹ́, 25,000 ni mo tó lójú wọn. Bí wọ́n bá ń wò mí bí ọkọ, kò sí Áfíríkà, kò sí Yúróòpù mọ́: 40,000 ni gbogbo wa. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ bínú sí jù nínú méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo wá rí iṣẹ́ níkẹyìn, 28,000 baht ni owó oṣù mi, ó tó fún òṣìṣẹ́, kò tó fún ọkọ. Nítorí náà ni 400,000 náà ṣe jókòó síbẹ̀ títí dòní, tí èmi sì ń lọ síbi iṣẹ́ lórí alùpùpù tí mo yá.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni. Mo ní oyè ìwé gíga nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé kan sì ń wá olùkọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba fi kọ́ mi láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ti àwọn tí wọ́n bí sínú èdè náà, mo sì jókòó ṣe ìdánwò TOEIC pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́, Khurusapha, fún mi láàyè láti máa kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ láìní ìwé àṣẹ olùkọ́, tí ilé-ìwé sì kó ìwé tirẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi jẹ́ ìwé kékeré aláwọ̀ aró, ó fẹ́ jọ ìwé ìrìnnà. Orúkọ agbanisíṣẹ́ wà nínú rẹ̀, irú iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀: olùkọ́. Kì í ṣe àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Táílándì o. Àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ yìí, fún àwọn wọ̀nyí, ni. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, Màmá yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn-tojú, wọ́n bi mí bóyá mo lè wá gbé abọ́ báyìí. Mo ní rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ṣùgbọ́n níbí yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti yin físà ọkọ. Lọ́dún kẹta, ilé-ìwé náà kò tún àdéhùn mi ṣe. Ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Cameroon, tí àṣẹ rẹ̀ láti gbé ìlú so mọ́ iṣẹ́ náà, pàdánù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní láti máa di ẹrù. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi kú bíi tirẹ̀. Àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú kò kú, nítorí pé ìyàwó mi ni ó so mọ́, kì í ṣe ilé-ìwé. Mo fi oṣù mẹ́rin wá iṣẹ́ mìíràn nínú ilé ara mi, láìsí ẹni tó ń lé mi. Àǹfààní mìíràn tún wà fún agbanisíṣẹ́: ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àjèjì kan gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò mílíọ̀nù 2 baht tí wọ́n ti san, ṣùgbọ́n bí àjèjì náà bá fẹ́ ọmọ Táílándì, mílíọ̀nù 1 tó. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀gá ló mọ èyí. Mo máa ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bí ẹni ń ta ara rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀dínwó kò sí fún. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ 39 tí wọ́n fi pamọ́ fún ọmọ onílẹ̀. Wọ́n tún un tò ní ọdún 2020 sí 40, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ni àjèjì kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá. Igi gbígbẹ́ wà níbẹ̀. Aṣọ híhun lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ wíwà, ọjà kíkiri, ẹní híhun, gígé òkúta iyebíye. Bí ẹ bá kà á, ẹ óò rò pé ẹnìkan dúró sí àárín Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ kó tó kọ ọ́, kó lè rí i dájú pé ọmọ Yorùbá kankan kò ní rí ọwọ́ mú. Irun ṣíṣe náà wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó fẹ́ ọkùnrin Táílándì, ti fi ọdún mẹ́sàn-án dirun ní Iléṣà kó tó dé Bangkok. Àwọn ọmọbìnrin Áfíríkà ń pè é lójoojúmọ́ nítorí kò sí ẹni tó lè di sùkú fún wọn. Orí ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó ń dì. Ó ní nígbà mìíràn, òun a tú u lọ́jọ́ kẹta kí òun lè tún un dì.

Òun náà ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé àjèjì tó fẹ́ ọkùnrin Táílándì kì í fi 400,000 hàn ẹnikẹ́ni. Kò sí iye owó kankan fún aya. Òfin gbà pé ọkọ rẹ̀ ni yóò bọ́ ọ, bí ó ti gbà pé èmi ni yóò bọ́ ìyàwó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ ìyá rẹ̀ ni ó bọ́ mi lọ́dún àkọ́kọ́. Abala 9 òfin ọmọ-onílẹ̀ wọn ti ọdún 1965 sì gba obìnrin náà láàyè láti béèrè pé kí òun di ọmọ Táílándì nípasẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin bíi tèmi gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó gùn, pẹ̀lú ẹ̀rí iṣẹ́ àti owó orí tó ń san fún ìjọba. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ wa náà bá di ọmọ ibẹ̀, yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa ìrẹ́jẹ, ó sì bi mí bóyá mo ti ka abala 26 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Mo lọ kà á. Obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè fi orúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà; ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Àwọn ohun kéékèèké tó kù, mo ti mọ́ wọn lára. Ní gbogbo ọjọ́ 90 ni mo ń lọ sọ pé ibi tí mo wà náà ni mo ṣì wà. Màmá, gẹ́gẹ́ bí onílé, ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24 pé àjèjì wà nílé wọn, lórí fọ́ọ̀mù TM.30. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò mọ́ mi lára. Ní 2019, bàbá mi fi ayé sílẹ̀. Ẹni tó bá jáde ní Táílándì láìgba ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀, àṣẹ ọdún kan rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀ tó bá ti rékọjá ẹnubodè. Á tún padà sí físà, sí oṣù méjì, sí bẹ́ẹ̀dì. Àárọ̀ ni ìròyìn náà dé. Ìyàwó mi ní kí n má ì tíì sunkún, kí n kọ́kọ́ wá fọ́tò pélébé kan. Ní pápákọ̀ òfurufú Suvarnabhumi, mo san 1,000 baht, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù TM.8, wọ́n bi mí ìdí tí mo fi ń rìnrìn-àjò. Orí ìjókòó inú bàálù ni mo ti sunkún bàbá mi.

Bí èmi àti ìyàwó mi bá jà, bí gbogbo tọkọtaya ṣe ń jà, ohun kan wà nínú yàrá pẹ̀lú wa. Òun ni ó gbọ́dọ̀ bá mi lọ lọ́dọọdún, òun ni ó ń fọwọ́ síwèé. Bí ó bá ní òun kò lọ, ọ̀rọ̀ parí. Kò fi halẹ̀ mọ́ mi rí, kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣàkíyèsí pé ohùn mi máa ń rẹlẹ̀ ní oṣù tí òǹtẹ̀ bá fẹ́ parí. Ó ṣàkíyèsí rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún kan, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ karùn-ún sì bọ́ sí ọjọ́ ìmígírésọ̀n. Ó jí ní aago mẹ́rin, ó fi pín-ìn-nì so àwọn ẹ̀dà ìwé mọ́ra, ó gbé àṣíborí fún mi, ó sì jókòó sẹ́yìn alùpùpù. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà wá lọ́jọ́ náà, ejìká wa kò kan ara wọn. Wọ́n lu òǹtẹ̀ náà.

Àwọn kan ní kí n wá ìwé ìgbé ayérayé, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé Táílándì títí. Wọn kì í gbà ju ẹni 100 lọ lọ́dún láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ jẹ́ 191,400 baht, ṣùgbọ́n 95,700 ni fún ẹni tó fẹ́ ọmọ onílẹ̀. Mo ti ń kó ìwé owó orí mi jọ. Ẹni tó bá gbà á kò ní bẹ̀bẹ̀ lọ́dọọdún mọ́, 400,000 náà yóò sì lè dìde kó lọ sí ibi tó wù ú. Yóò ṣì nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún méje. Ọmọ Táílándì ni, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé aláwọ̀ aró lábẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí tábìlì mi, èyí tó sún mọ́ fáànù, mo ń jẹ oúnjẹ 40 baht tí mo máa ń san lójú gbogbo ènìyàn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ títì mẹ́jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá pe ìyàwó mi, kò sí nítòsí. Ara mi gbé sókè lórí àga kí n tó rántí. Ọmọ náà ti dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbé abọ́ kan lé e lọ́wọ́, ó sì ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹjú mọ́ omi ọbẹ̀ náà kó má baà dànù. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n fà sẹ́yìn, kí òun rí ọ̀nà kọjá.